Kòkòrò oníléèsì lára igi àti òdòdó tó ti òkèèrè wá: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè wọ̀nyí ló ń padà wá lọ́dọọdún, pàápàá láti oṣù karùn-ún lọ, nígbà tí àwọn èèyàn wa tó ń dá ọgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ṣàkíyèsí pé ewé òdòdó tí wọ́n rà ń ṣì. A fi ìbéèrè ará ilé náà kún un.

Kí ni kòkòrò oníléèsì gan-an?

Kòkòrò kékeré tí ń fa omi ewé mu ni; lace bug ni wọ́n ń pè é lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi hóró yànmọ̀tí kan sórí àtẹ́lẹwọ́ yín: bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe mọ nìyẹn, nǹkan bíi mìlímítà 3. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kì í ju mìlímítà 10 lọ. Tingidae ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pe ìdílé wọn, irú tí wọ́n sì ti fún lórúkọ nínú ìdílé náà ju 2,000 lọ káàkiri ayé.

Aṣọ tó wọ̀ ló fún un lórúkọ. Bí ẹ bá fi gíláàsì wò ó, ìyẹ́ rẹ̀ àti awọ tó bo èjìká rẹ̀ kún fún ojú wínníwínní tí okùn tín-ín-rín pààlà sí láàárín, bíi léèsì tí a fi ń lọ òde ìyàwó. Ojú kọ̀ọ̀kan mọ́ gaara, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Púpọ̀ nínú wọn tún ní awọ kan tó wú bo orí wọn bíi gèlè. Ẹ rántí gèlè yìí, a ó tún padà dé orí rẹ̀.

Ṣé òun náà ni lacewing?

Rárá o. Orúkọ ló jọra lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ara lacewing gùn, ìyẹ́ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ, ó sì máa ń pa ìyẹ́ náà dé bí òrùlé ilé nígbà tó bá bà. Ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni: ọmọ rẹ̀ ń pa àwọn kòkòrò kéékèèké jẹ, kòkòrò oníléèsì wà nínú wọn. Ẹni tó bá pa lacewing ti pa ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ọgbà rẹ̀.

Ṣé ó lè ṣe èèyàn ní nǹkan?

Ewé ni oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú gúúsù Yúróòpù, níbi tí èyí tó ń gbé orí igi plane àti igi óákù ti pọ̀ bí eṣú, wọ́n máa ń já bọ́ lu àwọn tó jókòó sábẹ́ igi, wọ́n sì lè fi ẹnu gún awọ ara. Ó lè yún yín díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Apá ibo lára igi ni kí n ti kọ́kọ́ wò?

Ẹ̀yìn ewé. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí: èèyàn á rí àbààwọ́n lójú ewé, á máa wá kòkòrò lójú ewé náà, kò ní rí nǹkan kan, á sì sọ pé oòrùn ló sun ún tàbí pé omi kò tó o. Kòkòrò oníléèsì kì í sábà gun ojú ewé. Abẹ́ ló ń gbé, abẹ́ ló ti ń jẹun, abẹ́ náà ló ń yé sí.

Ẹ yí ewé padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara àwọn ewé tó ti pẹ́ lórí ẹ̀ka, ní ìsàlẹ̀ igi àti ní inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ẹ tó bọ́ sí ewé tuntun tó wà ní ṣóńṣó. Ẹ tẹ̀ lé iṣan àárín ewé láti ìdí dé orí, nítorí ẹ̀gbẹ́ iṣan yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Ewé mẹ́wàá lára igi kan kò pọ̀ jù. Bí igi náà bá jẹ́ ọjà tuntun, ẹ ṣe é kí ó tó wọ inú ọgbà. Tó bá ti kan igi mìíràn lára, iṣẹ́ ti di méjì.

Àbààwọ́n wà lójú ewé lóòótọ́. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé òun ló fà á?

Ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Ibi tó bá gún, ó ń fa ohun tó wà níbẹ̀ mu, àwọ̀ ewé yóò sì lọ kúrò. Lójú ewé, ẹ ó rí tóótòòtó funfun tàbí ìyeyè, bí ẹni bu ìyẹ̀fun wọ́n aṣọ. Bó bá pọ̀, tóótòòtó á so pọ̀, ewé á ṣá bí ewé tí wọ́n fi eérú pa, yóò sì gbẹ.

Àmọ́ kòkòrò mìíràn náà lè ṣe èyí, nítorí náà ẹ̀yìn ewé ni yóò jẹ́rìí. Kòkòrò oníléèsì máa ń yàgbẹ́ síbẹ̀: ìgbẹ́ náà dúdú, ó ń dán, ó le mọ́ ewé bí ọ̀dà tó kán sílẹ̀ tó sì gbẹ. Àárín ìgbẹ́ yìí ni ẹ ó ti rí awọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, funfun, pẹ̀lú ẹ̀gún wínníwínní. Àmì méjèèjì yìí pa pọ̀, ìgbẹ́ dídán àti awọ ẹlẹ́gùn-ún, mo gbà wọ́n lẹ́rìí bí n kò tilẹ̀ tíì rí kòkòrò náà fúnra rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ àwọn kòkòrò pupa kíún tó jọ aláǹtakùn ni, òwú tín-ín-rín yóò wà láàárín ewé, kò sì ní sí ọ̀dà dúdú. Thrips náà ń yàgbẹ́ dúdú, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kéré gan-an, ewé á máa kọ bíi fàdákà, kòkòrò náà sì tín-ín-rín bí okùn ìránṣọ. Kò ní ìyẹ́ tó fẹ̀.

Kí ni mo nílò láti fi wò ó?

Gíláàsì kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn oníwúrà ń fi sójú. Bébà funfun kan: ẹ gbé e sábẹ́ ẹ̀ka, kí ẹ gbọn ẹ̀ka náà, ohun tó bá já bọ́ á hàn kedere. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán dára ju iná lọ.

Mo rí nǹkan dúdú ẹlẹ́gùn-ún tí kò ní ìyẹ́. Ṣé kòkòrò kan náà ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ kò jọ ìyá rárá níhìn-ín. Kò ní ìyẹ́, kò ní léèsì. Ó dúdú tàbí kó funfun, ẹ̀gún sì yọ lára rẹ̀ káàkiri. Wọ́n máa ń kóra jọ síbi kan lẹ́yìn ewé, wọn kì í sì í yára rìn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni yóò bọ́ awọ kó tó di àgbà.

Ó ṣòro láti fi ọmọ nìkan sọ irú tó jẹ́. Bí ọmọ nìkan lẹ bá rí, ẹ dì ẹ̀ka náà mọ́ inú ọ̀rá tó ní ihò kéékèèké, kí ẹ sì dúró dìgbà tí ọ̀kan á fi hu ìyẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ní ìgbà ooru, ẹ ó ti rí àgbà.

Orí Pieris àti rhododendron ni mo ti rí i. Èwo ni?

Ìbéèrè tó ń wọlé jù nìyí, nítorí pé ilé ìtajà òdòdó kò lè ṣe kí ó má ní igi méjèèjì. Ìdílé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Stephanitis ló máa ń jẹ wọ́n, gèlè àti ìyẹ́ ni a fi ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Stephanitis takeyai wá láti Japan. Gèlè rẹ̀ dúdú, ó yípo bíi bọ́ọ̀lù, ó sì wú sókè. Àmì dúdú tó gún ara wọn ní àgbélébùú wà lórí ìyẹ́ tó mọ́ gaara, bí lẹ́tà X. Àmì yìí hàn tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Àwọn tó ń ta igi ló gbé e kiri: ó ti dé Connecticut ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1940 sí 1950, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún 1990. Pieris ló fẹ́ràn jù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ rhododendron àti azalea pẹ̀lú.

Stephanitis rhododendri ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà ni ìlú rẹ̀, wọ́n sì ti ń rí i nínú ọgbà àwọn òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Ìyẹ́ tirẹ̀ mọ́, àmì dúdú orí rẹ̀ kò tó nǹkan, kò sì ní X tó hàn kedere. Lórí azalea tó ti òkèèrè dé, ẹ fi Stephanitis pyrioides sọ́kàn: òun náà wá láti Japan, wọ́n rí i ní New Jersey ní ọdún 1915, àmì ìyẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, kò dúdú tó ti takeyai, gèlè rẹ̀ sì kéré ju ti takeyai lọ.

Ẹ má ṣe fi orúkọ igi nìkan dá ẹjọ́. “Orí rhododendron ni mo ti rí i, nítorí náà rhododendri ni” kò tó. Gèlè ni kí ẹ wò.

Lórí igi plane tàbí igi óákù ńkọ́?

Ìdílé kékeré mìíràn nìyẹn, Corythucha, Amẹ́ríkà sì ni orísun rẹ̀. Tirẹ̀ funfun bíi wàrà, ó tẹ́ pẹlẹbẹ, èjìká ìyẹ́ rẹ̀ gbùngbùn, ẹ̀gún wẹ́wẹ́ sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Corythucha ciliata ń jẹ igi plane, igi tó tò sí ojú pópó Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Àmì dúdú kan wà lórí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, níbi tó ti ga. Padua ní Ítálì ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní Yúróòpù, ní ọdún 1964. Ní 2006, ó dé Bedford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú igi plane tí wọ́n kó wọlé.

Corythucha arcuata ni ti igi óákù. Wọ́n rí i ní Ítálì ní ọdún 2000, ó sì ti tàn dé Turkey, Croatia, Romania àti àwọn ìlú tó yí wọn ká. Igbó óákù tó yẹ kó tutù yọ̀yọ̀ á ti ṣá kí ìgbà ooru tó parí. Àmì dúdú tirẹ̀ pọ̀ ju ti ciliata lọ. Bí ẹ bá fura sí èyí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Ṣé gbogbo èyí tí mo bá rí ni àjèjì?

Rárá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní irú tirẹ̀ tó ju 20 lọ. Tingis cardui ń gbé orí ẹ̀gún ọ̀ṣúṣú ẹ̀bá ọ̀nà, ìyẹ̀fun funfun sì bo ara rẹ̀. Èyí tó wà lórí igi gorse náà ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Wọn kì í da ọgbà ẹnikẹ́ni láàmú. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ṣé àwòrán fóònù tó?

Ó lè tó fún àwọn tí àmì wọn hàn, bíi takeyai. Ẹ ya mẹ́ta: ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́ kí gíga gèlè hàn, ọ̀kan ti ẹ̀yìn ewé lódindi. Ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ igi náà, ìlú tó ti wá, àti ọjọ́ tí ẹ rà á. Àwòrán tí kò ní orúkọ igi kò wúlò fún ẹni tí ẹ fẹ́ kó ràn yín lọ́wọ́.

Ètò orí fóònù tó ń sọ orúkọ kòkòrò lè mú yín dé ọ̀dọ̀ ìdílé. Irú gan-an ló máa ń ṣì mú, pàápàá láàárín àwọn Stephanitis, nítorí náà n kò ní gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí tí a ó fi gbé ẹjọ́ síwájú ìjọba.

Báwo ni kí n ṣe tọ́jú kòkòrò náà títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi rí i?

Ẹ pa á kí ẹ tó gbé e níbì kankan. Ẹ má fi kòkòrò tó wà láàyè ránṣẹ́, ẹ má gbé e wọ mọ́tò lọ fi han ọ̀rẹ́. Ẹ fi àgbà márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sínú ìgò kékeré tó ní spírítì. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, ibi, igi àti orílẹ̀-èdè tó ti wá sórí bébà kékeré, kí ẹ sì tì í bọ inú ìgò náà, nítorí spírítì ń fọ yíǹkì bíírò dànù. Ewé tó ní ẹyin, ẹ tẹ̀ ẹ́ sáàárín bébà gbígbẹ, kí ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sínú fíríìsà di ọjọ́ kejì.

Igi náà dé nígbà òtútù, kò ní ewé kankan. Kí ni mo fẹ́ wò?

Èèpo. Àgbà Corythucha ciliata máa ń wọ abẹ́ èèpo igi plane tó ń ṣí láti sùn títí òtútù yóò fi kọjá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn lójú kan. Ẹ rọra gbé èèpo tó ti fẹ́ já sókè. Igi tí kò ní ewé kò túmọ̀ sí igi tí kò ní kòkòrò.

Ti Stephanitis yàtọ̀. Ẹyin ló fi ń la òtútù já, inú ewé tí kì í wọ́ ló sì wà.

Ìwé ẹ̀rí ìlera bá igi náà wá. Báwo ló ṣe gbà á kọjá?

Ìwé náà kì í ṣe irọ́. Kì í ṣe orí ewé ni ìyá ń yé sí. Ó ń fi ìdí gún iṣan àárín ewé, á ki ẹyin bọ inú ẹran ewé, á sì fi ìgbẹ́ dúdú bo ẹnu ihò náà. Ohun tó hàn síta kò ju àmì kíún kan lọ. Ẹni tó ń yẹ ẹgbẹ̀rún igi wò ní èbúté kò lè yí gbogbo ewé padà; ó ń mú díẹ̀ nínú wọn ni. Ìdí nìyí tí Pieris tí ẹ rà ní oṣù Kejìlá fi lè mọ́ tónítóní títí di oṣù karùn-ún, kí ẹyin tó pa.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé ojú ẹni tó rà á ni àyẹ̀wò tó kẹ́yìn. Ẹ gbé igi tuntun sọ́tọ̀ di ìgbà tí ooru bá mú, kí ẹ máa yí ewé rẹ̀ padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ta ni kí n sọ fún?

Ní England àti Wales, ẹ̀ka tó ń bójú tó ìlera ohun ọ̀gbìn ní APHA (Animal and Plant Health Agency), àjọ ìjọba. Bí ó bá jẹ́ ara igi ńlá bíi óákù, ẹ lo TreeAlert, ojú ìwé ayélujára Forest Research tí a fi ń ròyìn àrùn àti kòkòrò igi. Ní Nàìjíríà, Nigeria Agricultural Quarantine Service ni. Bí ẹ bá ra igi náà lọ́wọ́ oníṣòwò, ẹ sọ fún òun náà, nítorí àwọn yòókù tó bá a wá wà ní ilé ẹlòmíràn.

Ṣé kí n fín oògùn kíákíá?

Kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́, rárá. Oògùn tí ń pa àgbà kò rí ẹyin tó wà nínú ewé, ó sì ń pa àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ẹ já ewé tó ti bàjẹ́ jù, kí ẹ fi omi tó le tú ẹ̀yìn àwọn tó kù nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Azalea àti Pieris tí wọ́n gbìn sójú oòrùn gangan ni kòkòrò yìí ń fìyà jẹ jù. Ibòji díẹ̀ á ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ṣé kòkòrò oníléèsì wà nílẹ̀ wa?

Ó wà. Èyí tí àgbẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà mọ̀ jù, bí wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ni Urentius hystricellus, tó ń jẹ ikàn. Ewé ikàn á pọ́n, á ká, ẹ̀yìn rẹ̀ á kún fún ìgbẹ́ dúdú. Àwọ̀ koríko gbígbẹ ni kòkòrò náà, ẹ̀gún sì bò ó.

Èyí tó ń gbé orí ẹ̀wọ̀n adẹ̀lẹ̀ (lantana), Teleonemia scrupulosa, ìtàn tirẹ̀ gba àròjinlẹ̀. Èèyàn ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kiri: wọ́n kó o láti Mẹ́síkò lọ Hawaii ní 1902 kó lè pa igi náà, lẹ́yìn náà wọ́n kó irú rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Uganda, nígbà tó pọ̀, ó bọ́ sí oko yànmọ̀tí.

Kí ló dé tí ó fi yẹ kí a dààmú nípa ẹ̀gẹ́?

Nítorí pé Brasil àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ibẹ̀ náà ni kòkòrò oníléèsì tó ń jẹ ẹ́ wà: Vatiga illudens àti Vatiga manihotae. Illudens ti la òkun kọjá dé erékùṣù Réunion, ní ẹ̀gbẹ́ Madagascar. Ìyẹn ti sún mọ́ wa ju bí ó ti yẹ lọ.

A ti rí irú rẹ̀ rí. Kòkòrò funfun oníyẹ̀fun tó ń jẹ ẹ̀gẹ́, Phenacoccus manihoti, dé Kóńgò láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ó sì gba ẹ̀gẹ́ jẹ mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, lábẹ́ onímọ̀ kòkòrò Hans Herren, ló tú agbọ́n kékeré Anagyrus lopezi tí wọ́n wá rí ní Paraguay sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 1981, agbọ́n yẹn ló sì ṣẹ́gun rẹ̀. Ọdún mélòó ni ebi ti fi pa èèyàn kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀?

Lójú ewé ẹ̀gẹ́, iṣẹ́ Vatiga jẹ́ tóótòòtó ìyeyè tó ń di àwọ̀ ìpẹtà, ó sì rọrùn láti pè é ní iṣẹ́ kòkòrò aláwọ̀ ewé tó jọ aláǹtakùn, tí àgbẹ̀ wa ti mọ̀. Ẹ yí ewé padà. Aláwọ̀ ewé yẹn ń gbé orí ewé tuntun, ó sì ń yí i po. Vatiga máa ń wà lórí ewé tó ti dàgbà, àgbà aláwọ̀ eérú àti ọmọ funfun pa pọ̀, pẹ̀lú ìgbẹ́ dúdú.

Ṣé mo lè gbé igi ẹ̀gẹ́ láti Brasil tàbí Kúbà wálé, tàbí ewúro tútù láti ilé wá sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù?

Igi ẹ̀gẹ́ nínú àpò ìrìn-àjò: rárá, bó ti wù kó mọ́ tó. Àwọn tó ń fi irú ẹ̀gẹ́ ránṣẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè ń gbin ọmọ rẹ̀ sínú ìgò ní ilé àyẹ̀wò, kí kòkòrò má baà bá a wá.

Ewé tútù láti Nàìjíríà wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí ìlera ohun ọ̀gbìn, ewúro tí ìyá yín dì fún yín pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń dun èèyàn. Ewúro tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì sá gbẹ kò ní ẹyin tó lè pa.

Mo rí ọ̀kan ṣoṣo, lórí igi tí kò sí nínú oúnjẹ irú kankan tí ẹ kà sílẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ó lè jẹ́ àlejò: afẹ́fẹ́ gbé e, tàbí ó bá kọntéénà àti mọ́tò wá, ó kàn bà síbẹ̀. Ẹ wá ọmọ, awọ tó bọ́ àti ẹyin lórí igi náà. Bí kò bá sí ìkankan nínú mẹ́ta yìí, igi náà kọ́ ni ilé rẹ̀. Ẹ lọ yẹ àwọn igi tó wà láyìíká wò, àti èyí tó bá a wọ kọntéénà kan náà.

Ó tún lè má jẹ́ Tingidae rárá. Ìdílé kan wà tí wọ́n ń pè ní Piesmatidae, tí ìyẹ́ tiwọn náà jọ léèsì, tí wọ́n ń gbé orí bíìtì àti àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ wo àtàrí rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì: Piesmatidae ní ojú kéékèèké méjì mìíràn yàtọ̀ sí ojú ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kòkòrò oníléèsì kò ní in. Bí gíláàsì yín kò bá fi èyí hàn yín, ẹ fi sínú spírítì, kí ẹ kọ orúkọ igi náà sára rẹ̀, kí ẹ sì fún ẹni tó ní maikirosíkóòpù.